Ẹ̀rọ Nìkan Ló Gbà Á Gbọ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2068. Òjò ń rọ̀ winniwinni láti ìdájí, atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí òkun wá sí ilẹ̀, òtútù sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí èémí ẹni ń jáde bí èéfín.

Bí ẹlẹ́rìí ṣe gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lábẹ́ òfin ilẹ̀ Áyálàǹdì: ọjọ́ ṣáájú, ojú ọjọ́ tẹ̀ lé e, kí ẹni tó bá fẹ́ já a nírọ́ lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ sínú Etí, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ẹ̀rí, tó wà ní ọrùn aṣọ mi. Kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ. Ó tàn fírí láti fi hàn pé ó ti gbọ́, mo sì sáré lọ sí etí òkun.

Ògiri tó ń dá omi òkun dúró ní Portcarra ti wó. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Apá tó kọjú sí àdúgbò Ìsàlẹ̀ Èbúté ló wó, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí jù lọ, tí àwọn ará Brazil àti àwọn apẹja ọmọ onílẹ̀ sì ń gbé láàárín wa. Omi ti dé orúnkún ní òpópónà. Bí mo ṣe yọ sí igun ọ̀nà, mo rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ eérú ti ilé-iṣẹ́ Sálvorin, tí wọ́n ń ṣa òkúta ògiri náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ ìwòsàn kò tíì dé nígbà náà. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́kàn mi kí n tó kọ ọ́, nítorí mi ò fẹ́ ṣì í sọ: àwọn tó ń kó òkúta dé ṣáájú àwọn tó ń kó ènìyàn.

Lábẹ́ òkúta tó kù ni a ti rí Bàbá Ẹ̀bùn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Láràárọ̀ ló máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà pẹ̀lú rédíò àtijọ́ kan lábẹ́ abíyá, kó lè gbọ́ Ìkéde Òkú láti Rédíò Portcarra, tí wọ́n ti máa ń ka orúkọ àwọn tó kú ní agbègbè náà. Kò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn òkú ọ̀hún. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti pe orúkọ kan, á gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, á ní, “Ó dìgbà o, Patrick. Ó dìgbà o, Bríd.” Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní kò dára kí wọ́n pe orúkọ ènìyàn kí ẹnikẹ́ni má dáhùn.

Dókítà obìnrin tó bá ọkọ̀ ìwòsàn dé kúnlẹ̀ sínú omi, ó fi ìka kan ọrùn Bàbá, ó dúró, ó tún fi kàn án. Lẹ́yìn náà ó fa aṣọ bò ó lójú. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Etí kò sì ríran. Gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́.

Ìgbà yẹn ni mo rí Màmá Ẹ̀bùn. Ó ń bọ̀ nínú omi, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìborùn rẹ̀ ti ṣubú sí èjìká.

“Ṣaléwá! Ṣaléwá, ọkọ mi dà?”

Ta ni yóò sọ fún obìnrin àgbà lójú pópó, nínú omi, níwájú àwọn ẹlẹ́wù eérú, pé ọkọ rẹ̀ ti kú? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń mú un délé ná. A máa ń jẹ́ kó jókòó, kí ẹnìkan wà lápá ọ̀tún rẹ̀, kí ẹnìkan wà lápá òsì. Títí dìgbà náà, ẹnu á máa wá nǹkan sọ.

“Wọ́n ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, Màmá. Ó ti lajú. Ó ní kí ẹ lọ sílé kí ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ.”

“Ó sọ̀rọ̀?”

“Ó sọ̀rọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ó wò mí lójú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ó dáa.” Ó sì jẹ́ kí n di ìgbọ̀nwọ́ òun mú.

Ní ọrùn aṣọ mi, Etí tàn fírí.

*

“Ṣaléwá, iṣẹ́ ńlá lo ṣe!” Ohun tí Fintan Kearns fi kí mi nìyẹn nígbà tí mo wọ Rédíò Portcarra lọ́sàn-án. Fintan ni ọ̀gá níbẹ̀. Ó ti po tíì sílẹ̀ dè mí, ó sì tẹ ìròyìn náà kí n gbọ́.

Ìròyìn kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n iye ilé tó wà nílùú ni iye ohùn tí ẹ̀rọ fi ń kà á. Sálvorin ló ni ohùn gbogbo. Àgbà apẹja á gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀. Opó á gbọ́ ọ láti ẹnu ọkọ rẹ̀ tó ti sùn. Èyí tí Fintan tẹ̀ fún mi, ohùn obìnrin kan tó dùn bí oyin ló kà á: “Omi wọ Ìsàlẹ̀ Èbúté láàárọ̀ yìí nítorí ìjì òkun. Ẹlẹ́rìí wa tó wà níbẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ló fara pa. Ó ti lajú, ó sì ti sọ̀rọ̀.”

Mo bọ́ Etí sínú àpótí rẹ̀, mo dé e. Òfin gbà wá láyè láti sọ̀rọ̀ bí ènìyàn lẹ́yìn ìyẹn.

“Fintan, ọkùnrin yẹn ti kú.”

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ojú mi. Dókítà bo ojú rẹ̀ níwájú mi.”

“Dókítà sọ̀rọ̀?”

“Kò sọ̀rọ̀.”

“Ìwọ sọ̀rọ̀.” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹni tó ń ka ìgò oògùn ló ṣe sọ ọ́.

“Ìyá àgbàlagbà kan ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Fintan! Kì í ṣe orílẹ̀-èdè!”

“Bí Etí bá ti wà lọ́rùn rẹ, orílẹ̀-èdè lò ń bá sọ̀rọ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. O búra bẹ́ẹ̀.”

“Mi ò tíì parí ẹ̀rí mi. Mi ò ka orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rí tí kò ní orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí, ìwọ gan-an lo kọ́ mi.”

“Ẹ̀rọ ti kà á bá ọ.”

“Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ ni?”

Mo ní kó ka orúkọ tí ẹ̀rọ kà fún mi. Ó kà á. Àwọn panápaná wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó wọ ẹ̀wù eérú kò sí níbẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó mú orí mi gbóná, kí ẹ má baà rò pé tíì ló dà sí mi lára. Nígbà èwe ìyá mi, ẹ̀rọ ń ya àwòrán ogun tí ẹnikẹ́ni kò jà, ó ń fi ohùn ààrẹ sọ ohun tí ààrẹ kò sọ, àwọn ènìyàn sì pa ara wọn nítorí rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣòfin pé ìròyìn kankan kò gbọ́dọ̀ jáde ní Áyálàǹdì láìsí ẹlẹ́ran-ara tó wà níbẹ̀ tó sì búra sí i. Òfin rere ni. Ọwọ́ tó bọ́ sí ni kò dára. Sálvorin ra ìwé ìròyìn Dublin, ó ra ti Cork, ó ra rédíò gbogbo ìgbèríko, ó ra tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó rà wọ́n tán, ó wò yíká, ó rí i pé ẹlẹ́rìí nìkan ló kù tí kò tíì jẹ́ tòun. Ó bá gbà wá síṣẹ́. Sálvorin yìí kan náà, ẹ jọ̀ọ́, ló mọ ògiri tó wó.

“Mo ti pe ilé ìwòsàn,” ni mo wí. “Wọ́n ní àwọn kò lè gbé e lọ sí ilé òkú, torí pé ìròyìn tí a búra sí ju ìwé dókítà lọ. Orí ibùsùn aláìsàn ló wà, Fintan. Wọ́n gbé ọbẹ̀ lọ fún un lọ́sàn-án yìí.”

Fintan wo inú kọ́ọ̀bù rẹ̀. “Ọbẹ̀ wo?”

“Ṣé ìbéèrè tó yẹ kó o bi mí nìyẹn?”

“Mi ò mọ ìbéèrè tó yẹ!” Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀. “Gbọ́, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a lè kéde pé àyà ló pa á. Ní ìrọ̀rùn. Ẹbí rẹ̀ á sin ín, ìwọ náà á wà níbi iṣẹ́ rẹ.”

“Ìwọ ló wá ń yan ọjọ́ ikú fún un báyìí.”

“Èmi ń gbà ọ́ là, ìwọ òmùgọ̀ yìí! O mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹlẹ́rìí tó bá yí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà. Wọ́n á pa ohùn rẹ rẹ́. O rántí Gormley? Ohùn rẹ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́. Ọkọ̀ kò gbé e. Ó ṣàìsàn, ó pe ilé ìwòsàn, bí ẹni pé atẹ́gùn fẹ́ ni létí wọn. Ó ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ bí alágbe kí aládùúgbò tó bá a ṣí i. Títí ayé ni, Ṣaléwá. Kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.”

Mo gbé tíì rẹ̀ padà sórí tábìlì. Mi ò mu ún. Mo mú Etí mi nínú àpótí, nítorí iṣẹ́ mi ṣì ni, mo sì jáde.

*

Yàrá òkè ni Màmá Ẹ̀bùn wà. Omi ti ba ìsàlẹ̀ ilé jẹ́. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ ti dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. Galway ló ti wá láàárọ̀ yẹn. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo.

“Àǹtí Ṣaléwá. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá.”

“Ẹ̀bùn, ẹ kú ìrọ́jú—”

“Ẹ má kí mi! Mo ti ọ̀dọ̀ bàbá mi bọ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí irin. Nọ́ọ̀sì ní kí n jọ̀wọ́ kí n má sunkún sókè, pé aláìsàn ń sinmi. Ó ní kí n fi ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá ebi á pa á tó bá yá. Ẹnu yín lèyí ti jáde, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ní ó lajú!”

Mo ní, “Ṣé Màmá ti gbọ́?”

“Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀rọ ara ògiri á pè mí ní òpùrọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ fún wọn pé ọkọ wọn ti lajú.”

Ohùn kan jáde láti inú yàrá. “Ẹ wọlé. Ẹ yé dúró sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tó fẹ́ jalè.”

Màmá Ẹ̀bùn jókòó sórí àga, ó ti wọ aṣọ gbígbẹ, ó ká ọwọ́ sí itan. Lára ògiri tó kọjú sí i, ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá, ní ohùn ọkùnrin kan tó ń fa ọ̀rọ̀ bí ará Iléṣà. Ó ní bàbá kan tó fara pa ti lajú, ó sì ti sọ̀rọ̀.

“Ẹ gbọ́ Akínlàwọ̀n,” ni Màmá wí. “Àbúrò mi ni. Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Nígbà tó wà láyé, irọ́ ẹran inú ìkòkò nìkan ló pa fún mi rí. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n wá jí, wọ́n fi ń pe òkú mi ní alààyè.”

Mo kúnlẹ̀. “Màmá, mo wá bẹ̀ yín. Ohun tí mo sọ láàárọ̀—”

“Dìde.”

“Màmá, Bàbá—”

“Mo ní kó o dìde, orúnkún rẹ á dùn ọ́, ilẹ̀ tutù.” Ó dúró títí mo fi dìde. “Ọjọ́ tí ìyá tèmi kú, mo wà níléèwé ní Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá mú mi. Ó ní Màmá ní kí n wá wo aṣọ tuntun tí òun rán. Láti Òṣogbo dé Iléṣà, aṣọ yìí ló ń sọ. Àwọ̀ rẹ̀, ọrùn rẹ̀, apá rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé orí bọ́tìnnì, mo ti mọ̀ pé mi ò ní ìyá mọ́. Ìwọ wá ní Fẹ̀yìntọlá ní kí n lọ pààrọ̀ aṣọ! Fẹ̀yìntọlá! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ọkùnrin yẹn ò mọ̀ bóyá aṣọ ni mo wọ̀ tàbí ewé ni mo ró. Mo mọ̀ kó o tó pa ẹnu dé.”

Ẹ̀bùn fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀, Màmá?” ni mo bi í.

“Ó yẹ kí n délé ná. Iṣẹ́ tí irọ́ yẹn wà fún nìyẹn, o sì jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. O di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, o gbé mi gba inú omi kọjá, o mú mi délé. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́.” Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ tọ́ka sí ara ògiri. “Ẹ̀rọ yẹn nìkan ló gbà á gbọ́.”

“Kò gbà á gbọ́, Màmá,” ni Ẹ̀bùn wí. “Ó wúlò fún wọn ni.”

Màmá wo ọmọ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó sì fi lu ẹ̀rọ náà títí ohùn Akínlàwọ̀n fi dákẹ́. Mi ò rí obìnrin tó bínú bẹ́ẹ̀ rí láìpariwo. Ó padà jókòó, ó ń mí gùlegùle.

“Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń dá òkú àwọn ará ibí lóhùn,” ni ó wí. “Mo fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ tirẹ̀ náà. Lọ́la. Níbi tí wọ́n ti ń pe tàwọn yòókù.”

Èrò tó dára ni, nítorí Ìkéde Òkú kì í ṣe ìròyìn. Ẹnu ẹbí ni òfin gbé e lé, kò ní ohun tó kan ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ kò sì gbọ́dọ̀ kà á. Sálvorin gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti fi ẹ̀rọ kà á. Wọ́n ti gba ìròyìn bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ará Áyálàǹdì, wọ́n ti gba Máàsì ọjọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni kò bínú. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kan òkú, gbogbo ìgbèríko jáde pẹ̀lú ọkọ̀ oko wọn, wọ́n dí títì.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí Màmá kò mọ̀, ó sì di dandan kí n sọ ọ́. Bí wọ́n bá pe orúkọ ẹni tí a ti búra pé ó wà láàyè, gbohùngbohùn á ti ara rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó búra náà nìkan ló lè ṣí i padà, bó bá wà níbẹ̀, tó ní irọ́ lòun pa. Nígbà tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé e lẹ́nu títí yóò fi ka gbogbo orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ tán, tí yóò sì fi tirẹ̀ parí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á pa ohùn rẹ̀ rẹ́.

Màmá mú bàtà rẹ̀ nílẹ̀, ó tún un wọ̀.

“Mi ò ní sọ fún ọ pé kó o ṣe é,” ni Màmá wí níkẹyìn. “Ohùn rẹ ni.”

“Èmi á sọ fún wọn,” ni Ẹ̀bùn wí. “Àǹtí, ẹ ṣe é.”

Mo padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn mi, mo ní, “Èmi ni,” ó sì ṣí. Mo jáde, mo tì í, mo tún ní, “Èmi ni.” Ó ṣí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ilé yẹn, mi ò sì fìgbà kan rò ó rí pé ilẹ̀kùn ń dá mi lóhùn.

*

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù Ọ̀wàrà. Òjò ti dá. Oòrùn yọ díẹ̀, kò mú ooru wá, atẹ́gùn sì ti yí padà sí ìhà àríwá.

Nora Tuite ló ń ka Ìkéde Òkú. Ó ti darúgbó, ó sì tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti ń pè é ní Màmá Nora, láti ìgbà náà ló sì ti ń dá mi lóhùn pé, “Màmá ta ni? Ológbò ni mo ní.” Lọ́jọ́ yẹn kò ṣàwàdà. Màmá Ẹ̀bùn ti jókòó tì í, ó sì ti sọ fún un nípa rédíò abẹ́ abíyá àti ọwọ́ tí Bàbá máa ń gbé sókè.

“Ẹnìkan ń dáhùn?” ni Nora bi í.

“Láràárọ̀.”

“Gbogbo ọdún yìí, mo rò pé mò ń kà á fún atẹ́gùn.” Ó kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀. “Kí ló máa ń sọ? Ẹ kọ́ mi.”

Màmá kọ́ ọ. Nora ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, ó ń ṣì í, ó ń tún un sọ, nígbà tí Fintan já wọlé.

“Nora, má ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́. Àwọn ọ̀gá Sálvorin ní Dublin wà lórí fóònù.”

“Kí Dublin tó bí ọ ni mo ti ń ka òkú, Fintan Kearns. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí n má baà ka tìrẹ.”

“Ṣaléwá!” Ó dojú kọ mí. “Ronú! Ọkùnrin náà ti kú. Kò sí ohun tí èyí máa ṣe fún un.”

“Wọ́n gbé oúnjẹ àárọ̀ lọ fún un lónìí,” ni Ẹ̀bùn wí lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹyin sísè. Ṣé o fẹ́ bi mí bóyá wọ́n bó o?”

Iná pupa tàn láti fi hàn pé a ti wà lórí afẹ́fẹ́. Nora ka àwọn òkú ọjọ́ náà jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ti gbohùngbohùn sọ́dọ̀ Màmá.

“Èmi ni Wúràọlá Ọládẹ̀jọ,” ni Màmá wí. “Ọkọ mi, Fẹ̀yìntọlá Ọládẹ̀jọ, kú lánàá, ní Ìsàlẹ̀ Èbúté. Ògiri wó pa á. Mo ní—”

Iná náà kú. Ohùn obìnrin tó dùn bí oyin gba inú yàrá. “Ẹ má bínú. Orúkọ yìí wà láàyè lábẹ́ ìbúra.”

“Ọ̀rọ̀ burúkú lèyí,” ni Nora wí, ó sì bú ẹ̀rọ náà ní èdè àwọn baba rẹ̀, gígùn.

Gbogbo wọn wò mí. Mo yọ Etí lápò, mo fi í sí ọrùn aṣọ mi. Mo ronú kan ilẹ̀kùn mi. Mo ronú kan ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, tí mò ń pè lọ́jọọjọ́ Àìkú, tí fóònù rẹ̀ kò ní mọ̀ mí mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ronú kan ẹyin sísè yẹn, lórí àwo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó tutù bí irin, inú sì bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi la ẹnu.

“Ẹlẹ́rìí Ọmọ́ṣaléwá Ajíbúlù,” ni mo wí. “Lánàá, mo ní ọkùnrin yìí lajú, mo ní ó sọ̀rọ̀. Irọ́ ni mo pa. Ìyàwó rẹ̀ ni mo pa á fún, kí n lè mú un délé, kò sì gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbé e sáfẹ́fẹ́, ẹ mọ̀ pé òkú wà nílẹ̀, ẹ sì rí i pé irọ́ tí mo pa fún opó dára láti fi bo ògiri yín. Mo mú ọ̀rọ̀ mi padà. Ó kú.”

Iná pupa padà tàn. Fintan ti fọwọ́ kan bọ́tìnnì ara ògiri tí wọ́n fi ń pa gbohùngbohùn.

“Òfin ni, Fintan,” ni Nora wí. “Kò tíì ka orúkọ.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn bí ẹni tí eegun rẹ̀ ti yọ.

Nora tẹ̀ síwájú. “Fẹ̀yìntọlá Ọládẹ̀jọ,” ni ó kà, ó ń mú orúkọ náà jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. “Ó dìgbà o.” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ dáadáa.

“Ó dìgbà o,” ni Màmá wí.

Mo mọ̀ pé orúkọ ìkẹyìn tí mo bá pè ni òpin ohùn mi. Nítorí náà mi ò kánjú. Mo pè wọ́n bí wọ́n ṣe wà.

Àwọn tó wà níbẹ̀ nìyí. Tomás Brannigan, apẹja, òun ló kọ́kọ́ gbọ́ igbe. Luzia Prado, ó gbé aṣọ ìbora ilé rẹ̀ wá. Àwọn panápaná tó gbé òkúta kúrò. Dókítà obìnrin kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ó fa aṣọ bo ojú òkú. Ọkùnrin mẹ́ta tó wọ ẹ̀wù eérú Sálvorin. Wọ́n dé ṣáájú ọkọ̀ ìwòsàn, wọ́n ń kó òkúta ògiri sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kò sì sí èyí tó gbé òkúta kan kúrò lórí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wúràọlá Ọládẹ̀jọ, ìyàwó rẹ̀, ó dé lẹ́yìn náà. Fẹ̀yìntọlá Ọládẹ̀jọ, ó ti kú. Ọmọ́ṣaléwá Ajíbúlù, ẹlẹ́rìí. Èmi náà wà níbẹ̀.